Àpínkẹ́ àti Àga Rọ́bà Mẹ́fà

Láti ojú fèrèsé yàrá tí wọ́n sé e mọ́ ni Àpínkẹ́ Ẹnìtàn ti rí i. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn tó ń lẹ táìlì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iyanrìn. Ó mú nǹkan roboto kan tó pọ́n bí ọsàn dání, ó tì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù, ó bu omi kún un, ó dà á sórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń pò. Ó tún tì í bọ inú rẹ̀. Àpínkẹ́ kọ́kọ́ rò pé abọ́ kan ṣáá ni. Ìgbà tí oòrùn gba inú nǹkan náà kọjá, tó ta àwọ̀ ọsàn sórí iyanrìn, ni àyà rẹ̀ já. Ìdérí iná pálọ̀ rẹ̀ ni, èyí tó ti ń so lókè tábìlì láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ kò tíì máa rìn.

“Ìwọ ọmọ yìí! Gbé e sílẹ̀! Ṣé orí rẹ pé ṣá? Gbé e sílẹ̀ ni mo wí!”

Àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ méjì tí wọ́n jókòó tì í fò dìde, wọ́n fà á sẹ́yìn ní aṣọ dúdú tó wọ̀.

“Ẹ jókòó, ìyàwó. Kí ni wọ́n máa sọ níta? Pé opó Ẹnìtàn ń bá bírìkìlà jà lójú fèrèsé?”

“Wọ́n ń fi iná mi po sìmẹ́ńtì!”

“Wọn ò ní fi pò ó mọ́. Ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Ọmọ náà wo apá ibi tí ohùn ti wá, kò rí ẹnì kankan mọ́, ó sì tún ti ìdérí iná bọ inú dúrọ́ọ̀mù.

Luke Ẹnìtàn, ọkọ Àpínkẹ́, ló kú. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sùn kò jí, kò sì fi àìsàn da ẹnikẹ́ni láàmú. Òkú rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìsìnkú. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣe é ní Ìbàdàn yìí mọ ohun tó kàn: títún ilé ṣe. Èèyàn lè wà láàyè kí ó máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbe òjò nínú pálọ̀ ara rẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò fi páànù kan ṣọwọ́ sí i. Kó kú báyìí, owó yóò jáde. Wọn yóò kun ilé, wọn yóò lẹ táìlì sórí ilẹ̀ tí kò là, wọn yóò ṣe àjà onípíópì ológe, gbogbo rẹ̀ nítorí àwọn àlejò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní wọlé. Abẹ́ kánópì níta ni wọn yóò ti jẹun, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti lọ. Owó tí wọ́n ná sórí àjà yẹn nìkan ìbá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Luke títí tí ì bá fi lé ní àádọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣe irú ìṣirò yẹn nílé òkú.

Tìmílẹ́hìn, àkọ́bí, wà ní Kánádà, òun ló ń fi owó ránṣẹ́. Tiwátọ́pẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Challenge, ló ń ná an. Akínbíyìí, àbúrò Luke, ló ń rí sí i pé àṣà ìdílé kò yẹ̀. Ní ti opó, ìdílé Ẹnìtàn ní òfin tiwọn. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, pásítọ̀ wọn sì ti sọ ọ́ lórí àga ìwàásù pé kò sí ibi tí Bíbélì ti ní kí a sé obìnrin mọ́lé nítorí ọkọ rẹ̀ kú. Wọ́n á ṣe “Àmín”, wọ́n á sì délé, wọ́n á sé e mọ́lé. Títí ọjọ́ ìsìnkú, opó kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá àyàfi bó bá fẹ́ lọ wẹ̀. Kò gbọdọ̀ dá sí ètò. Kò sì gbọdọ̀ gbóhùn sókè.

Bẹ́ẹ̀ ohùn ni obìnrin yìí fi jẹun láyé rẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan ní Mọ́kọ́lá ló gbà á sọ́dọ̀ nígbà tó jáde ìwé, kò sì pẹ́ tó fi ríṣẹ́ òpìrétọ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀. Òun àti Nùsírátù, ọmọ Kíṣì, ni wọ́n jọ wọṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń jókòó, wọ́n á de ẹ̀rọ mọ́ etí, wọ́n á máa ti wáyà bọ ihò, “Nọ́ńbà wo lẹ fẹ́? Ẹ má gbé e kalẹ̀ o,” láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Orí àga onígi tí kò lẹ́yìn ni. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀, Nùsírátù á ní, “Àpínkẹ́, ṣé ìbàdí tìrẹ ṣì wà níbẹ̀? Èmi ò gbúròó tèmi mọ́ o.”

Nígbà tí ìjọba san owó Udójì, tí àwọn òṣìṣẹ́ gba owó ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgboro dà rú. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan ra rédíò alápótí tó tó pósí, àwọn kan gbé ìyàwó. Àpínkẹ́ wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Dùgbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń dúró níwájú dígí ibẹ̀ bó bá ń lọ sílé, tó máa ń wo àga kan tó pọ́n bí ọsàn. Àga náà kò ní ìṣó, kò ní ojú àsopọ̀. Rọ́bà kan ṣoṣo ni wọ́n dà láti ẹ̀yìn dé ẹsẹ̀, ó sì tẹ̀ bí ẹni tó na ọwọ́ láti gba ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn ó wọlé, ó sì jókòó lé e. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹ̀yìn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Mẹ́fà ló rà. Ó ra tábìlì funfun ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà. Ó tún ra ìdérí iná, tí wọ́n fi rọ́bà dídán tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ṣe, irú èyí tí àwọn oní-sáìnbọ́ọ̀dù ń gé sí lẹ́tà lónìí. Gbogbo Udójì rẹ̀ ló bá a lọ.

Luke, tó ń ya àwòrán ilé fún àwọn ayàwòrán-ilé kan ní Dùgbẹ̀ kan náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

“Rọ́bà? Àpínkẹ́, o fi Udójì ra rọ́bà?”

“Jókòó ná.”

“N kò ní jókòó lórí rọ́bà nínú ilé mi.”

“Luke, mo ní kí o jókòó.”

Ó jókòó. Kò dìde títí oúnjẹ fi jinná. Lẹ́yìn náà ló fa pẹ́ńsù yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bí wọn yóò ṣe so iná náà kọ́, kí ó má baà ga jù lórí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n kó wá sí Bódìjà, àga mẹ́fà náà bá wọn wá. Àwọn aládùúgbò ra àga onífóòmù. Fóòmù yẹn rì, wọ́n ra òmíràn. Ìdun wọ òmíràn, wọ́n jó o níná, wọ́n ra ẹ̀kẹta. Ìkán jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀kẹta. Ẹ ṣírò aṣọ ìbòrí, ẹ ṣírò owó káfíńtà, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ tó gbé e wá àti owó ọmọ tó gbé e dànù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni gbogbo ohun tí Àpínkẹ́ ná lórí tirẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló ní àpá: Tìmílẹ́hìn ló gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì fi imú áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ sórí ìjókòó rẹ̀. Ó jẹ ẹgba lọ́jọ́ náà.

Irú ilé tí wọ́n ń tún ṣe nìyí.

Ọjọ́ kejì tó rí ìdérí iná rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, Àpínkẹ́ ń lọ sí balùwẹ̀, ó sì yọjú sí pálọ̀. Àga rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àga ńláńlá mẹ́rin, aláwọ̀ kọfí, ló jókòó síbẹ̀ bí erinmi, nylon wọn ṣì wà lára wọn. Lókè orí wọn, iná onígíláàsì wẹẹrẹwẹ rọ̀ sílẹ̀ láti inú àjà píópì bí ẹni pé ilé ìtura ni. Ó na ọwọ́, ó fi èékánná họ apá àga tuntun kan.

“Tiwátọ́pẹ́!”

Ọmọ rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí yàrá. Èèyàn wà níta.”

“Àga mi dà?”

“A ti kó wọn jáde. Màámi, àga rọ́bà ni. Àwọn ará ọ́fíìsì mi ń bọ̀. Àwọn ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ láti Èkó. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọlé kí wọ́n rí i pé orí àga kánópì ni bàbá mi ń jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀?”

“Àga kánópì?”

“Ohun tí wọ́n máa rò nìyẹn.”

“Kí ni wọ́n fi ṣe èyí tó o rà?”

“Lẹ́dà ni, Màámi.”

“Lẹ́dà ẹran wo? Rọ́bà ni! Rọ́bà tí wọ́n fi bo fóòmù, tí yóò máa bó bí ara ejò kí ọdún méjì tó pé. O gbé rọ́bà mi jáde, o gbé rọ́bà wọlé, o sì fi owó lé e! Níbo lẹ kó wọn sí?”

Tiwátọ́pẹ́ wo ilẹ̀. “Mo ní kí àwọn ọmọ kó wọn sí abẹ́ kánópì fún àwọn tó ń bọ̀ wá kí wa. Nígbà tí alága wá kó tirẹ̀ . . . ó jọ pé wọ́n kó wọn mọ́ ọn.”

Gàfárù ni orúkọ alága náà, ọkùnrin tó ń yá àga àti kánópì fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó, Agbowó sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yẹn mọ iye àga tó gbé wá. Bí ó bá dín, yóò pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Bí ó bá lé, ojú ọ̀nà ni yóò máa wò. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ rọ́bà lábẹ́ kánópì, tirẹ̀ ni lójú gbogbo ènìyàn. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Akínbíyìí ti gbọ́ ariwo, ó wọlé, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ọmọdé tó ń gbé síléètì lọ sílé ìwé ni Akínbíyìí nígbà tí Àpínkẹ́ wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Bí ìyàwó kì í ti í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, Akọ̀wé ló sọ ọ́. Akọ̀wé ló sì ń pè é títí irun orí ọkùnrin náà fi funfun.

“Akọ̀wé, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi àga mi ṣe.”

“Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yìnyín, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ rọ́bà sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀, ẹbí ló mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.”

“Ohun tí ta ni fi sílẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló tún kú?”

Àpínkẹ́ yíjú sí Tiwátọ́pẹ́. Ó wo ọmọ tó bí, ó rí i pé ohun kan náà ló wà lójú òun náà. Gbogbo ọdún tó fi nu àwọn àga yẹn, tó fi ń lé àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ lórí tábìlì, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé bàbá ló ra ilé, bàbá ló ra ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyá kàn ń gbálẹ̀ yí i ká ni. Ó padà sí yàrá. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin méjì yẹn sì ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí i pé opó ti ń gbà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀.

Kò gbà á mọ́ra. Inú ló ń bí i.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Nùsírátù wọlé. Àlàájà ni báyìí, ó fi ìborùn funfun bo orí, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò sì fẹ́ tẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí kò tilẹ̀ jókòó. Ó na fóònù sí i.

“Wo Bàdírátù, ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló ya fọ́tò yìí fún.”

“Ó rẹwà. Ọlọ́run á dá a sí.”

“Má wo ọmọ, Àpínkẹ́. Wo ohun tó fi ìdí lé.”

Àpínkẹ́ fa fóònù mọ́ ojú. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ jókòó bí àwọn ọmọ òde òní ti ń ṣe, ẹsẹ̀ kan lókè, lórí àga tó pọ́n bí ọsàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, imú áyọ́ọ̀nù hàn gbangba.

“Mo bi í níbi tó ti rí i,” ni Nùsírátù wí. “Ó ní Agbowó lòun ti ya fọ́tò náà. Ó ní àga ayé àtijọ́ ló wà lóde báyìí, pé àwọn ọmọ Èkó ń fi irú ẹ̀ ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, pé àwọn onífọ́tò ń tò láti yá a lọ́wọ́ ọkùnrin kan, Gàfárù. Ó bi mí pé, ‘Màmá àgbà, ṣé ẹ mọ irú àga yìí ni?’ Mo ní, ‘Mo mọ ìdí tó kọ́kọ́ jókòó lé e.’”

Àpínkẹ́ dìde, ó wá bàtà.

“Ìyàwó, níbo?” ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà béèrè.

“Agbowó.”

“Nínú aṣọ opó? Wọn ò tíì sin ọkọ yín! A ò rí irú rẹ̀ rí nílé yìí.”

“Ẹ ti rí i báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ ní opó lọ gba àga rẹ̀.”

Akínbíyìí ti dé ẹnu géètì kí Àpínkẹ́ tó dé ibẹ̀. Ó na apá méjèèjì láti ọ̀pá kan dé èkejì.

“Ẹ máa padà, ìyàwó wa. Ẹ ò ní dójú ti ẹ̀gbọ́n mi nígboro.”

“Akínbíyìí.”

Àwọn tó ń lẹ táìlì dáwọ́ dúró. Obìnrin kan mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ Àpínkẹ́ wọlé, orúkọ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Akínbíyìí, mo ní kí o kúrò lọ́nà.”

Kì í ṣe pé ó gbà. Ìyàlẹ́nu ló mú kí apá rẹ̀ wálẹ̀. Kí ó tó rántí láti gbé e sókè padà, Àpínkẹ́ àti Nùsírátù ti wọ takisí Máíkírà kan. Awakọ̀ rí aṣọ dúdú, ó kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ó pa rédíò. Ọmọkùnrin tó jókòó síwájú sọ̀kalẹ̀, ó ní òun ti dé ibi tí òun ń lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì kúrò lójú kan.

Ṣọ́ọ̀bù Gàfárù kò jìnnà sí ojú títì. Àga funfun wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì, ọ̀pá kánópì fara ti ògiri. Níwájú, lórí nylon mímọ́, ó to àga olómi-ọsàn mẹ́fà sí kí àwọn onífọ́tò lè máa rí wọn láti ọ̀nà. Ẹni tó bá dé ẹ̀yìn wọn ni yóò rí ohun tó ṣe síbẹ̀. Ó ti fi ọ̀dà pupa kọ GF gàdàgbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀dà náà sì ti ṣàn sílẹ̀ kí ó tó gbẹ.

Àpínkẹ́ fọwọ́ kan án. Ojú rẹ̀ ṣú.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ìfaradà,” ni Gàfárù wí. “Àga mélòó lẹ fẹ́?”

“Mẹ́fà.”

“Funfun wà—”

“Àwọn tó o kọ ìranù sí lẹ́yìn yìí. Tèmi ni. Inú ilé mi ní Bódìjà lo ti kó wọn.”

Gàfárù rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín àrífín, ẹ̀rín ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí ni. “Màmá mi, ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Kí lẹ rí níbẹ̀? GF. Ta ni GF? Èmi ni. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá wà lẹ́yìn àga ló ni àga. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, à bá ti pa ara wa tán.”

“Bẹ̀rẹ̀,” ni Nùsírátù wí.

“Kí ni, Àlàájà?”

“Mo ní kí o bẹ̀rẹ̀, kí n kọ NS sí ẹ̀yìn rẹ, kí á mọ̀ bóyá èmi ni mo bí ọ.”

Àwọn obìnrin tó ń ta káàdì fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù kejì bú sẹ́rìn-ín. Gàfárù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí wọ́n lọ mú ẹ̀rí wá. Ó ní abẹ́ kánópì òun lòun ti kó ohun tí òun kó, kò sì sí ẹni tó dá òun dúró. Ó ní ọwọ́ òun dí, pé ọ̀la Sátidé ni, àwọn oníbàárà òun sì ń bọ̀.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Àpínkẹ́ fa ọ̀kan nínú àwọn àga náà, èyí tó lápá, ó gbé e sí àárín ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù gan-an, ó sì jókòó. Ó tún aṣọ dúdú rẹ̀ ṣe. Ó ká ọwọ́ jọ lórí itan. Nùsírátù fa èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na orúnkún tó ń dùn ún síwájú, ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹlẹ́pà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé jẹ́ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bí ìbejì. Ó fẹ́ àga fún ìsọmọlórúkọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ọ̀nà, ó gbé ojú sókè, ó rí opó nínú aṣọ dúdú tí òkú ọkọ rẹ̀ ṣì wà lókè ilẹ̀, ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

“Ẹ . . . ẹ kú ará fẹ́ra kù, Mà.”

“Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ wọlé, ẹ wá mú àga.”

“Rárá, Mà. Mo ń padà bọ̀.” Kò padà.

Ọkùnrin kan gun alùpùpù dé, ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó. Kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀. “Gàfárù! Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú níbí o! Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n!”

“Ṣọ́ọ̀bù rẹ ni opó jókòó sí, o ní kò sẹ́ni tó kú? Àga tí yóò bá ìyàwó tuntun délé nìyẹn?” Ó yí alùpùpù padà.

Ẹ̀kẹta kọjá lójú títì, ó wò, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Gàfárù mọ iye tí Sátidé kan ń mú wọlé. Gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ọ̀sẹ̀, nítorí Sátidé ni. Ó lóṣòó síwájú Àpínkẹ́.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sínú ibòòji.”

“Afẹ́fẹ́ wà níbí.”

“Màmá, ẹ̀ ń bà mí lọ́jà jẹ́.”

“Ìwọ ni o ba àga mi jẹ́. Èmi kàn jókòó ni. Àga yìí dùn ún jókòó lé, o ò mọ̀?”

“Ó máa ń jókòó pẹ́ o,” ni Nùsírátù wí, ó ń bó ẹ̀pà. “Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n máa ń wá jí i ni.”

Gàfárù kò lè fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin wo ni yóò ki opó tí wọn kò tíì sin ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ọjà? Ó kọ́kọ́ bínú, ó bú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó jáde. Nígbà tí obìnrin kan tún yọ lókèèrè, tó rí aṣọ dúdú, tó ta ìka yí orí ara rẹ̀ ká, tó sì kọjá, Gàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ máa kó wọn lọ. Ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ máa kó wọn lọ.”

“Ọkọ̀ ta ni yóò kó wọn?”

“Tèmi ni, Màmá. Tèmi ni yóò kó wọn.”

“Fi aṣọ sí àárín wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn.”

Nígbà tí ọkọ̀ Gàfárù dé Bódìjà, Akínbíyìí, àwọn obìnrin méjì náà àti Tiwátọ́pẹ́ wà ní pálọ̀, wọ́n jókòó sórí àga tuntun bí ìgbìmọ̀. Àpínkẹ́ kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí àwọn ọmọ ti àwọn àga aláwọ̀ kọfí mọ́ ògiri. Ó ní kí wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n gbé tábìlì funfun òun kúrò lábẹ́ agolo ọ̀dà. Ó pe ọmọ tó ń lẹ táìlì, ó fi ìdérí iná lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó fọ̀ ọ́ títí gbogbo sìmẹ́ńtì yóò fi kúrò níbẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ fọ̀ ọ́, kì í ṣe kàn-ìn-kàn-ìn. Sìmẹ́ńtì kúrò. Ibi tí iyanrìn ti ha á kò kúrò, kò sì ní kúrò mọ́.

“Ìyàwó wa,” ni Akínbíyìí bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò le bíi tàtijọ́, “a fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀.”

“Ẹ gbọ́ tèmi ná. Owó Udójì tèmi ni mo fi ra àga yìí, tábìlì yìí, iná yìí. Ohùn mi ni mo fi ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìbàdí mi ni mo fi jókòó lé e. Luke ò fi kọ́bọ̀ kan sí i, kò sì ní irọ́ náà lẹ́nu títí ó fi kú. Ẹ̀yin lẹ pa á fún un.”

“A ò mọ̀. Ẹ ò sọ fún wa.”

“Ẹ béèrè?”

Tiwátọ́pẹ́ ti ń sunkún. “Màámi, ẹ má bínú. A rò pé ti Bàbá ni.”

“Èyí gan-an ló dùn mí jù! Bó bá jẹ́ ti Bàbá, ohun tí bàbá rẹ jókòó lé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ ni o kó síta fún alága, nítorí ojú àwọn ará ọ́fíìsì? Ta lò ń sin nínú gbogbo èyí? Luke ni, tàbí àwọn ará ọ́fíìsì?”

Àpínkẹ́ fa àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó.

“Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ kí mi kú ará fẹ́ra kù, ibí ni yóò ti bá mi.”

“Àṣà ńkọ́?” ni Akínbíyìí béèrè.

“Àṣà wà nínú yàrá. Bó bá wù yín, ẹ lọ bá a jókòó.”

Akínbíyìí wo àwọn obìnrin méjì náà. Wọ́n wo táìlì. Níkẹyìn ó fa àga olómi-ọsàn kan fúnra rẹ̀, bóyá torí pé àga tuntun ti wà lẹ́bàá ògiri, bóyá torí ohun mìíràn, ó sì rọra jókòó. Oníná ti gun àkàbà, ó ń tú iná onígíláàsì wẹẹrẹwẹ yẹn sílẹ̀.

Tiwátọ́pẹ́ lọ mú ìgò tínà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun ilé, ó wá fẹ́ fi nu GF kúrò lẹ́yìn àga.

“Gbé tínà yẹn jáde!” ni ìyá rẹ̀ pariwo. “O fẹ́ kí ó jẹ àga mi ni? Omi ọṣẹ àti èékánná rẹ.”

“Màámi, ó máa pẹ́ o.”

“Ṣé o ń lọ síbì kan ni?”

Tiwátọ́pẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́yìn àga ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀dà pupa. Kò tíì họ ìdajì lẹ́tà kìn-ín-ní tí àwọn mẹ́ta nínú àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn wọlé. Ó yí ojú sí wọn láti orí ìkúnlẹ̀, ó kí wọn káàbọ̀, ó ní kí wọ́n jókòó sórí àga màmá òun. Ó sì padà sí ìdí ohun tó ń họ, nítorí ojú ìyá rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.